Hammurabi: ọba Bábílónì tó gbé òfin síta kí gbogbo ènìyàn rí i

Ìtàn tí a mú wá lónìí jẹ́ ti ọba kan tó ti wàjà láti nǹkan bí 3,750 ọdún sẹ́yìn. Hammurabi ni orúkọ rẹ̀, Bábílónì sì ni ìlú rẹ̀. Àwọn tó ń ka Bíbélì àti àwọn tó ń ka Kùránì mọ orúkọ ìlú náà, nítorí ó wà nínú ìwé méjèèjì.

Ìdí tí a fi yan ọba yìí kò jìnnà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tajà láwìn rí, tó ti yá ẹlòmíràn lówó tàbí lọ́kà rí, tí omi oko aládùúgbò ti ya wọ oko rẹ̀ rí, tàbí tó ti dúró níwájú àwọn àgbà nítorí ẹjọ́ rí, yóò rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí Hammurabi ṣe. Ọ̀pọ̀ ọba ló ja ogun ju tirẹ̀ lọ, ayé sì ti gbàgbé wọn. Òun ni a ṣì ń dárúkọ, nítorí pé ó kọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sára òkúta, ó sì gbé òkúta náà síbi tí ojú ti lè rí i.

Ilẹ̀ tó wà láàárín odò méjì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Ìráàkì lónìí, odò ńlá méjì ló ń ṣàn kọjá, Tígírísì àti Yúfírétì. Ilẹ̀ tó wà láàárín wọn ni àwọn Gíríìkì pè ní Mesopotámíà, ìyẹn ilẹ̀ àárín odò. Ní apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà, òjò kò tó láti fi dáko. Ẹrẹ̀ tí odò ń gbé wá mú kí ilẹ̀ lọ́ràá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá la ojú omi láti odò wá sí oko kò ní rí nǹkan kó wálé. Ọkà báálì ni wọ́n ń gbìn jù, wọ́n ń kórè dàbínù, wọ́n sì ń sin àgùntàn. Òkúta ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, igi ìkọ́lé tó dára kò sí, kò sì sí bàbà. Òwò ni wọ́n fi ń rí gbogbo ìwọ̀nyí láti ọ̀nà jíjìn.

Iṣẹ́ omi yìí wà lára ohun tó bí ìjọba. Ẹnì kan kò lè dá la ojú omi tó gùn láti odò dé oko. Ó gba ọwọ́ púpọ̀. Ó tún gba ẹni tí yóò sọ oko tí omi yóò kọ́kọ́ wọ̀, àti ẹni tí yóò kó ẹrẹ̀ kúrò nígbà tí ojú omi bá dí. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú bíi Úrúkù, Úrì, Lágáṣì àti Nípúrì ṣe dìde. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní òrìṣà tirẹ̀, ó ní ilé òrìṣà tí wọ́n ń kó ọkà àti irun àgùntàn sí, ó sì ní olórí tirẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 3200 kí a tó bí Jésù, àwọn tó ń ṣọ́ ìṣúra ní Úrúkù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá eèsún kékeré tẹ àmì sára amọ̀ tútù, kí wọ́n má bàa gbàgbé iye ọkà àti àgùntàn tó wọlé àti èyí tó jáde. Ibẹ̀ ni ìwé kíkọ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ gbọ́ o: ìṣirò ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí wọ́n tó kọ ìtàn, kí wọ́n tó kọ àdúrà.

Ní nǹkan bí ọdún 2300, ọba kan tó ń jẹ́ Sargon, láti ìlú Ákádì, kó àwọn ìlú náà pọ̀ sábẹ́ àṣẹ kan. Nígbà tó yá, ìjọba náà tú ká. Úrì tún kó wọn jọ, Ur-Nammu ọba Úrì sì ṣe òfin kan ní nǹkan bí ọdún 2100, èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ìwé òfin tí wọ́n tíì wú jáde nínú ilẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2004, àwọn ọmọ ogun Élámù, láti apá tó ti di Ìráànì lónìí, wọ Úrì, wọ́n sì mú ọba rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, olúkúlùkù ìlú ń dá ṣe tirẹ̀.

Àwọn darandaran kan tí wọ́n ń pè ní Ámórì ti ń wọ ilẹ̀ náà láti apá ìwọ̀ oòrùn. Àwọn kan wá pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn, àwọn kan wá ṣe ọmọ ogun fún owó. Nígbà tó pẹ́, wọ́n di onílé, wọ́n gba òrìṣà àti ìwé kíkọ ilẹ̀ náà, àwọn kan nínú wọn sì di ọba. Ìran Ámórì yìí ni Hammurabi ti jáde.

Ọba kékeré láàárín àwọn ọba ńlá

Gbogbo ọdún tí a bá dárúkọ nípa ọba yìí, ọdún ṣáájú ìbí Jésù ni, iye rẹ̀ sì ń dín kù bí àkókò ṣe ń lọ síwájú. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò ni a tẹ̀lé.

Bábílónì jẹ́ ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Yúfírétì nígbà tí Sumu-abum dá ìjọba sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1894. Àwọn ọba tó tẹ̀ lé e mọ odi, wọ́n la ojú omi, wọ́n sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba ìlú tó wà nítòsí. Sin-muballit ni ọba karùn-ún. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ dópin ní ọdún 1792, ọmọ rẹ̀ Hammurabi gorí oyè, ó sì lo ọdún 43 lórí rẹ̀.

Nígbà tó jọba, àwọn tó lágbára jù ú lọ yí i ká. Rim-Sin ọba Lárísà ló ni gúúsù, pẹ̀lú ìlú Úrì. Eṣinúnà wà ní apá ìlà oòrùn, Élámù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní àríwá, ọba Ámórì mìíràn, Shamshi-Adad, ti kó ilẹ̀ tó gbòòrò jọ. Ìwé kan láti àkókò náà jẹ́ ká mọ bí agbára ṣe pín. Ẹni tó kọ ọ́ ṣàlàyé pé kò sí ọba tó lè dá dúró, pé ọba mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń tẹ̀ lé Hammurabi, iye kan náà ń tẹ̀ lé Rim-Sin, ogún sì ń tẹ̀ lé ọba Yámádì tó wà ní Síríà. Ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn, olúkúlùkù sì ń wá ìgbà tí yóò yọ nínú ẹgbẹ́.

Ní ilẹ̀ náà, wọn kì í fi iye ka ọdún. Ohun ńlá tí ọba bá ṣe ni wọ́n fi ń sọ ọdún lórúkọ, bí àwọn bàbá wa náà ṣe máa ń fi ọdún ogun tàbí ọdún ìyàn mọ ọjọ́ orí ọmọ. Ọdún kejì Hammurabi ni wọ́n pè ní ọdún tí ó mú ẹ̀tọ́ wá sí ilẹ̀ náà. Ohun tí orúkọ yẹn ń sọ ni pé ọba tuntun náà pa gbèsè rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká yé ara wa níbí. Tí oko kò bá ṣe dáadáa, àgbẹ̀ á yá ọkà. Èlé á gorí ọkà. Tí kò bá rí san, á fi ọmọ tàbí ìyàwó rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, nígbà tó bá sì yá, òun fúnra rẹ̀ á kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Bí irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, ta ni yóò san owó orí, ta ni yóò ru idà fún ọba? Nítorí náà, àwọn ọba ilẹ̀ náà máa ń pàṣẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n fọ́ wàláà amọ̀ tí wọ́n kọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sí. Èyí tó pé jù nínú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ tó dé ọwọ́ wa jẹ́ ti Ammi-saduqa, ọ̀kan lára àtọmọdọ́mọ Hammurabi. Ó ya gbèsè àìní sọ́tọ̀ kúrò lára owó òwò: gbèsè ẹni tí ebi ń pa ni ó pa rẹ́, owó tí oníṣòwò méjì fi ṣe àjọṣe dúró bó ṣe wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, Hammurabi ja ogun díẹ̀. Ó gba Úrúkù àti Ísínì ní ọdún keje rẹ̀, ó sì tún jagun ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fún nǹkan bí ọdún 18, orúkọ ọdún rẹ̀ kò dárúkọ ogun. Ojú omi, odi ìlú, ilé òrìṣà àti àga òrìṣà ni wọ́n ń dárúkọ. Ó dúró, ó ń wò.

Ogun tó sọ ọ́ di ọba ńlá

Ní nǹkan bí ọdún 1764, Élámù gbé ogun dé. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilẹ̀. Hammurabi kọ ìwé sí Zimri-Lim, ọba Márì, ìlú olówó kan tó wà lókè odò Yúfírétì níbi tí ẹrù igi, bàbà àti wáìnì ń gbà kọjá. Àwọn méjèèjì jọ di àdéhùn, Zimri-Lim sì fi ọmọ ogun ránṣẹ́. Wọ́n lé Élámù padà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Hammurabi yíjú sí Rim-Sin, tó ti lo 60 ọdún lórí oyè, tí kò sì wá ràn án lọ́wọ́ nígbà tí Élámù dé. Ọmọ ogun Márì tún wà lára àwọn tó bá a já Lárísà gbà. Nígbà tí gúúsù ti bọ́ sí i lọ́wọ́ tán, ó gbógun ti Márì, ìlú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohùn Zimri-Lim dákẹ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn akọ̀wé Bábílónì wọ ààfin rẹ̀, wọ́n ṣa àwọn lẹ́tà rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ àkọlé sí wọn. Nígbà tó yá, wọ́n wó odi ìlú náà, wọ́n sì sun ààfin.

Iná yẹn ló sun amọ̀ tútù di líle bí ìkòkò. Láti ọdún 1933 lẹ́yìn ìbí Jésù, André Parrot, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń wú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀, ṣiṣẹ́ ní ibi tí Márì wà ní Síríà, nǹkan bí 20,000 wàláà sì jáde láti ibẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ọgbọ́n àti ẹ̀tàn Hammurabi, inú ilé ọ̀rẹ́ tó dà ni a ti rí i. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ bí a bá fẹ́ sọ ìtàn ọba yìí bó ṣe rí. Ẹni tó kọ òfin kì í ṣe mímọ́.

Ọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ àgbẹ̀

Ìlú tí a fi ogun gbà nílò ìjọba. Hammurabi kò pa àwọn ètò ìlú tó bá nílẹ̀ run. Ìlú kọ̀ọ̀kan ṣì ní olórí rẹ̀, àwọn àgbà rẹ̀ àti àwọn adájọ́ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ní ẹgbẹ́ tó ń péjọ ní èbúté, wọ́n sì ń dá ẹjọ́ ọjà níbẹ̀. Lórí gbogbo wọn ni ó fi àwọn ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀ sí. Méjì lára wọn ní Lárísà ni Sin-iddinam àti Shamash-hazir. Lẹ́tà tí ọba kọ sí àwọn méjèèjì wà títí di òní, wọ́n sì pọ̀.

Àwọn lẹ́tà náà yani lẹ́nu. Ọba tó ti ṣẹ́gun gbogbo ilẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀ oko kan ṣoṣo. Ọkùnrin kan fẹjọ́ sùn pé wọ́n ti gba ilẹ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀. Ọba kọ̀wé sí Shamash-hazir pé kí ó wádìí, ó ń bínú pé báwo ni ilẹ̀ tó jẹ́ ti ènìyàn láéláé ṣe lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dá a padà bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òtítọ́. Wọ́n sọ fún un pé àwọn kan ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ìlú kan. Ó ní kí Sin-iddinam wádìí, kí ó fi èdìdì sí owó náà, kí ó sì fi owó, àwọn tó gbà á àti ẹlẹ́rìí ránṣẹ́ sí òun. Ojú omi kan dí, ọkọ̀ kò lè kọjá. Ó ní kí wọ́n kó ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó sì dá ọjọ́ fún wọn.

Ọ̀kan wà tó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń kà, bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń kà á, ọdún oṣù sì kúrú ju ọdún oòrùn lọ. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi oṣù kan kún ọdún nígbà mìíràn kí ìkórè má bàa kúrò ní àsìkò rẹ̀. Hammurabi pàṣẹ pé kí wọ́n fi oṣù kan kún un. Ṣùgbọ́n ó mọ àwọn ènìyàn rẹ̀: ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan náà pé owó orí tó yẹ kó dé ní oṣù tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ dúró de oṣù yẹn, inú oṣù àfikún náà ni kí ó ti dé Bábílónì.

Ohun tó wà lára òkúta

Nígbà tó ti sún mọ́ òpin ìjọba rẹ̀, Hammurabi mú kí wọ́n gbẹ́ òkúta dúdú líle kan tó ga ju mítà 2 lọ. Lókè rẹ̀, ọba dúró, ó gbé ọwọ́ sókè sí ẹnu, níwájú Shamash, òrìṣà oòrùn, tó jókòó lórí àga. Àwọn ènìyàn náà gbà pé oòrùn rí ohun gbogbo, nítorí náà òun ló ni ìdájọ́. Ìsàlẹ̀ àwòrán náà ni òfin wà. Òkúta náà kò ní nọ́ńbà, àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ ló kà á sí 282.

Ẹ wo díẹ̀ nínú wọn. Adájọ́ tó bá yí ìdájọ́ tó ti dá tí ó sì ti fi èdìdì dì padà yóò san owó ẹjọ́ náà lọ́nà 12, yóò kúrò lórí àga, kò sì ní bá àwọn adájọ́ jókòó mọ́ láéláé. Bí omi bá gbé oko lọ, tàbí tí ọ̀gbẹlẹ̀ pa á, ẹni tó jẹ gbèsè kò ní san ọkà lọ́dún náà. Wọ́n á rẹ wàláà gbèsè rẹ̀ sínú omi láti tún un kọ, kò sì ní san èlé ọdún yẹn. Ẹni tó bá fi ọmọ tàbí ìyàwó ṣe ìwọ̀fà, ọdún mẹ́ta ni wọn yóò fi ṣiṣẹ́, wọ́n á gba òmìnira ní ọdún kẹrin. Ẹ̀yin tí àwọn bàbá yín mọ ìwọ̀fà, ẹ ó mọ ohun tí èyí jẹ́: ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwọ̀fà lè pẹ́ níbẹ̀ títí ìgbà tí wọ́n bá san owó náà tán, torí pé èlé nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ ń san.

Ti alájàpá náà wà níbẹ̀. Olówó a máa fún alájàpá ní ẹrù tàbí fàdákà kó lọ tà lókèèrè. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi èdìdì sí i. Owó tí kò ní ìwé, ẹnikẹ́ni kò lè pè é lẹ́jọ́. Bí ọ̀tá bá dá alájàpá lọ́nà tó sì gba ẹrù rẹ̀, yóò búra, yóò sì bọ́. Bí alájàpá bá gba owó tó sì sẹ́, yóò san án ní ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ olówó ló gba owó padà tó sì sẹ́, ìlọ́po mẹ́fà ni yóò san. Bí olè bá ja ẹnì kan lólè tí wọn kò mú olè náà, ẹni tí wọ́n jà lólè yóò sọ ohun tó sọnù níwájú òrìṣà, ìlú àti olórí ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ yóò sì san án padà fún un. Olórí tó bá mọ̀ pé òun ni yóò san owó olè, kò ní sùn fọnfọn.

Àgbẹ̀ tó bá ya ọ̀lẹ láti tọ́jú bèbè omi rẹ̀, tí omi sì gbé oko ẹlòmíràn lọ, yóò san ọkà tó ṣòfò. Bí kò bá ní i, wọ́n á ta òun àti ẹrù rẹ̀, wọ́n á pín owó náà fún àwọn tó pàdánù. Ọkọ tí àìsàn mú ìyàwó rẹ̀ lè fẹ́ ìyàwó mìíràn, ṣùgbọ́n kò lè lé aláìsàn náà. Yóò máa bọ́ ọ nínú ilé rẹ̀ títí tí yóò fi kú. Ẹni tó bá fẹ̀sùn oṣó kan ẹlòmíràn láìsí ẹ̀rí, odò ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò wọ̀. Bí odò bá gbé e, ilé rẹ̀ di ti ẹni tó fẹ̀sùn kàn án. Bí ó bá jáde láàyè, wọ́n á pa ẹni tó fẹ̀sùn kàn án, ilé olófòófó náà á sì di tirẹ̀. Ẹnu ènìyàn gba ìṣọ́ ní ìlú náà.

Ibi tí òfin náà kò gún

Bí a bá dúró síbí, a ti tan yín jẹ. Òfin Hammurabi kò ka gbogbo ènìyàn sí ọ̀kan náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín wọn sí: ọmọ onílùú, mẹ̀kúnnù àti ẹrú. Ẹni tó bá fọ́ ojú ọmọ onílùú, wọ́n á fọ́ ojú tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú mẹ̀kúnnù, yóò san fàdákà ìwọ̀n 60 ṣékélì. Bí ó bá jẹ́ ojú ẹrú, ìdajì iye tí wọ́n ra ẹrú náà ni yóò san fún olówó rẹ̀. Ojú kan náà ni, iye rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹni tó bá sì fi ẹrú tó sá pamọ́ sínú ilé, ikú ni.

Ìyà tó le pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá ọlọ́tí tó bá fi òṣùwọ̀n èké ta ọtí, wọ́n á sọ ọ́ sínú omi. Bí ilé tí ọ̀mọ̀lé kọ́ bá wó pa onílé, wọ́n á pa ọ̀mọ̀lé. Èyí tó burú jù ni pé, bí ilé náà bá pa ọmọ onílé, ọmọ ọ̀mọ̀lé ni wọ́n á pa, ọmọ tí kò mọ ìgbà tí bàbá rẹ̀ po amọ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn wàláà ẹjọ́ láti àkókò náà pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ kì í sábà tọ́ka sí òkúta náà nínú wọn. Nítorí èyí, àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá adájọ́ ń tẹ̀ lé e bí a ṣe ń tẹ̀ lé òfin lónìí, tàbí àpẹẹrẹ ìdájọ́ rere ni ọba kó jọ kí òrìṣà àti ènìyàn lè mọ irú ọba tí òun jẹ́.

Àwa rò pé ohun tó kọ sí òpin òkúta náà ló ṣe pàtàkì jù. Níbẹ̀ ó sọ pé òun ṣe é kí alágbára má bàa ni aláìlágbára lára, kí ọmọ òrukàn àti opó lè rí ẹ̀tọ́. Ó ní kí ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ wá síwájú òkúta náà, kí wọ́n kà á sí i létí, kí ó lè mọ ibi tí ẹjọ́ rẹ̀ wà, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀wé nígbà náà. Ẹni tí yóò gbọ́ ọ nílò ẹni tí yóò kà á fún un. Síbẹ̀, ọba ti sọ ọ́ ní gbangba pé ohun tó tọ́ wà ní ibì kan tí ojú ti lè tó o, olórí kankan kò sì lè sọ pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó gégùn-ún fún ọba tí yóò bá pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lẹ́yìn òun.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Ní ọdún 1750, ara Hammurabi kò yá. Ọmọ rẹ̀ Samsu-iluna kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan pé àìsàn dá bàbá òun dúbúlẹ̀, pé òun ti gorí àga láti tọ́jú ilẹ̀ náà. Ohun tí ọmọ náà kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe: ó dárí gbèsè ji àwọn ènìyàn.

Ìjọba náà kò dúró pẹ́ bó ṣe tóbi. Gúúsù ṣọ̀tẹ̀ sí Samsu-iluna láìpẹ́, ilẹ̀ ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 1595, Mursili ọba àwọn Hítì wá láti ilẹ̀ tó ti di Tọ́kì, ó sì kó Bábílónì. Gbogbo ohun tí idà kó jọ, idà ló tú u ká.

Òkúta náà kò bọ́ lọ́wọ́ ogun. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá ṣáájú ìbí Jésù, Shutruk-Nahhunte ọba Élámù kó o ní ìkógun lọ sí ìlú Súsà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé tí Jacques de Morgan jẹ́ ọ̀gá wọn ti wú u jáde láàárín ọdún 1901 sí 1902, ó ti fọ́ sí mẹ́ta. Àlùfáà Jean-Vincent Scheil ló kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀, ní ọdún 1902. Wọ́n gbé e lọ sí Paris, ó sì wà ní Louvre títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Paris, ẹ lè sọ fún wọn kí wọ́n lọ wò ó.

Ẹni tó bá lọ yóò rí i pé ibì kan ní ìsàlẹ̀ òkúta náà ń dán, kò sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀. Ọba Élámù ló ní kí wọ́n ha ọ̀rọ̀ Hammurabi kúrò níbẹ̀, bóyá kí ó lè kọ orúkọ tirẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́. Lára ohun tó ha kúrò ni òfin owó yíyá àti èlé. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn akọ̀wé, fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ lẹ́yìn ikú Hammurabi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń da òfin náà kọ sára wàláà amọ̀ láti fi kọ́ ọwọ́. Láti inú wàláà amọ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n ti rí díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ha kúrò kó padà, òun náà ló jẹ́ ká mọ̀ lónìí pé èlé ọkà kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, èlé fàdákà kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ọba pa á rẹ́ lára òkúta, ọwọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ni ó kù sí.